Àkọ̀, Ọta àti Ìkóra-ẹni-níjàánu

Ọjọ́ tí ènìyàn ra ìbọn ìléwọ́ kọ́ ni ó di oníbọn ní ti òdodo, nítorí irin lásán ni ohun tí ó gbà lọ́wọ́ olùtajà, irin tí kò tíì ní ilé, tí kò tíì mọ ohun tí yóò máa jẹ, tí kò sì tíì mọ ọwọ́ ẹni tí yóò máa gbé e. Ìgbà tí olúwa rẹ̀ bá yan àkọ̀ tí ìbọn náà yóò máa gbé, àti ìgbànú tí yóò gbé àkọ̀ náà ró, àti ọta tí yóò máa wà nínú rẹ̀, àti àpótí tí yóò máa sùn sí ní òru, nígbà náà ni a tó lè mọ irú ẹni tí ó rà á àti ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀.

Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo fi ṣe ibùgbé, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ra èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti irú ní òpópónà Bissonnet láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Ilé ìtajà oúnjẹ ni èmi náà ní, alẹ́ ni mo sì máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, èmi nìkan pẹ̀lú owó tí a pa ní ọjọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó gbà láti ní ìbọn, kì í sì í ṣe ojo ni ó fà á, bí kò ṣe ọ̀wọ̀. Ọdẹ ni bàbá tí ó bí bàbá mi ní Ìgbájọ, a sì tọ́ wa dàgbà pé a kì í fi irin Ògún Lákáayé ṣeré. Ní àgbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé náà ni àwọn ará Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ ti dojú ìjà kọ ara wọn láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, nínú ogun tí a sọ ní Kírìjì nítorí bí ìbọn ṣe ń dún níbẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi irú mìíràn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn, ìbọn tí a ń ki ọta sí láti ìdí, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù láti ẹnu. Nítorí náà kò jẹ́ ohun àjèjì létí mi nígbà tí àbúrò mi, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun ní ilẹ̀ yìí, sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìbọn kọ́ ni iṣẹ́ ńlá tí ẹ óò ṣe. Ohun tí ẹ máa fi sínú rẹ̀ àti ohun tí ẹ máa fi sí ara rẹ̀ ni iṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ rà fún un, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò máa dá dúró.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, òun ni mo sì fẹ́ fi ye ẹ̀yin tí ẹ wà ní irú ipò tí mo wà. Ìbọn ti ní agbára tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá, kò sí ohun tí a lè rà fún un tí yóò jẹ́ kí ó pa ènìyàn ju bí ó ti lè pa á lọ. Ohun tí ó kù tí owó wa lè ṣe ni kí a ra ohun tí yóò kó o níjàánu: ohun tí kì yóò jẹ́ kí ó dún nígbà tí a kò fẹ́, ohun tí yóò jẹ́ kí ọta dúró níbi tí ó yẹ kí ó dúró, ohun tí kì yóò jẹ́ kí ọmọdé dé ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ni kí a kọ́kọ́ gbọ́, nítorí bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni òfin Texas ti gbà kí ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì dè é lọ́nà láti ní ìbọn, máa gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Èmi gba ìwé náà síbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbígbà rẹ̀, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ń bọ̀wọ̀ fún un. Kí àwọn ọmọ wa tí ó wá pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí wọ́n ní ìbọn tàbí kí wọ́n ní ọta, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ti gba ìwé ìgbélùú títí ayé ni ó lè rà á. A kì í gbé e wọ ilé-ẹjọ́ tàbí ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé e wọ ilé ọtí tí ìdá 51 nínú 100 owó rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bá ti ara ọtí tí a ń mu níbẹ̀ wá. Àwọn wọ̀nyí a máa kọ 51% gàdàgbà ní àwọ̀ pupa sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹni tí ó ní ẹbí ní New Jersey, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní, kò gbọdọ̀ rò pé ìwé Texas yóò gbà á sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọta olórí ihò tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń lò ní Texas láìsí ìbéèrè, lè sọ ènìyàn di arúfin ní New Jersey bí ó bá ń gbé e kiri ìgboro. Ti Nàìjíríà tún le ju ìyẹn lọ, nítorí òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì, kí ó tú gbogbo kọ̀rọ̀ àpò rẹ̀ wò bóyá ọta kan ṣoṣo há síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ìbọn 6,737 ni àwọn òṣìṣẹ́ TSA, àwọn tí ń yẹ ẹrù wò, rí nínú ẹrù ọwọ́ àwọn arìnrìn-àjò ní àwọn pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, ọta sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni wọ́n sì sọ pé àwọn gbàgbé ni. Nítorí náà àpò tí mo fi ń gbé ìbọn lọ sí pápá ìyìnbọn kì í gbé ohun mìíràn, kì í sì í bá mi rin ìrìn àjò.

Ti ìbọn fúnra rẹ̀ kò ní gba àkókò wa. 9mm ni, irú ọta tí Georg Luger ará Austria gbé kalẹ̀ ní nǹkan tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìbọn náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré tí a lè fi aṣọ bò, tí ó ti kún orí àtẹ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ SIG Sauer ti gbé P365 jáde ní ọdún 2018.

Àkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ òde òní kò ní ìdè tí a ń fi àtàǹpàkò ṣí kí wọ́n tó dún; bí ohunkóhun bá ti tẹ apátí sẹ́yìn, ìbáà ṣe ìka, ìbáà ṣe etí ẹ̀wù, ìbáà ṣe okùn tí ó rọ̀ lára aṣọ òtútù, ìbọn yóò dún, kò sì ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àkọ̀ kìn-ín-ní, nígbà náà, ni kí ó bo apátí pátápátá pẹ̀lú ohun líle tí ìka kò lè tẹ̀ láti òde. Ó sì gbọdọ̀ di ìbọn mú, kí ó má baà jábọ́ bí olówó rẹ̀ bá sáré tàbí bí ó bá ṣubú. Ó tún yẹ kí ẹnu rẹ̀ máa là sílẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ti jáde, kí a lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dá a padà, nítorí pé àkọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé yóò mú kí ènìyàn máa fi ọwọ́ kejì ṣí i, ẹnu ìbọn yóò sì kọjú sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí mo fi àwọn nǹkan wọ̀nyí wo ohun tí ó wà lórí àtẹ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni mo gbé padà, pàápàá àwọn àkọ̀ aṣọ tí wọ́n ní gbogbo ìbọn ni ó gbà, nítorí ohun tí ó bá gba gbogbo ìbọn kò lè di ìkankan mú.

Awọ ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí. Awọ dùn mọ́ ara, ó sì lẹ́wà, ẹni tí ó bá sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ Aláàfin kò ní fi ojú kékeré wo awọ láéláé. Àkọ̀ awọ rere wà, tí a rán ní ìpele méjì, tí a sì fi irin sí ẹnu rẹ̀ kí ó má baà pa dé, n kò sì ní bá ẹni tí ó ní in jà. Ṣùgbọ́n awọ a máa gbó, bí ó bá sì ti gbó a rọ̀, etí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí ká wọ inú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí apátí wà. Ní ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá wá ti ìbọn bọ inú rẹ̀ tagbára-tagbára, awọ náà ni yóò fa apátí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó mọ ìbọn jù mí lọ. Àwọn àgbà ní idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ti ìbọn tilẹ̀ burú ju ti idà lọ, nítorí bí àkọ̀ ìbọn bá bàjẹ́, itan olówó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Nítorí náà Kydex ni mo rà níkẹyìn, irú ike líle kan tí wọ́n ń fi ooru mú rọ̀ tí wọ́n sì ń tẹ̀ mọ́ àwòṣe ìbọn kan pàtó, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti ìbọn bọ inú rẹ̀, a óò gbọ́ ìró kan bí ó bá ti dé ibi tí yóò dúró sí.

Ibi tí a óò gbé e sí lára kò ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Iwájú ikùn ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń gbé e sí, ó sì yára, aṣọ sì ń bò ó dáadáa; ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó, ẹnu ìbọn náà kọjú sí iṣan ńlá tí ó wà ní itan, iṣan tí ó jẹ́ pé bí ó bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù fún ẹ̀mí. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí lọ́wọ́ ọ̀tún ni èmi ń fi í sí, mo sì kọ́ ara mi pé nígbà tí mo bá ń dá a padà sínú àkọ̀, n kò gbọdọ̀ kánjú, mo gbọdọ̀ fi ojú mi wò ó wọlé. Ó lè jẹ́ pé ewu kan wà tí a fi ní láti yára fa ìbọn yọ, ṣùgbọ́n kò sí ewu kan láyé tí ó sọ pé kí a yára dá a padà. Ìgbànú tí ó nípọn, tí kì í tẹ̀, ṣe pàtàkì bí àkọ̀ ṣe ṣe pàtàkì, nítorí lórí ìgbànú tí ó rọ̀ ni ìbọn ti ń yẹ̀ kiri tí ènìyàn fi ń fọwọ́ kàn án nígbà gbogbo láàárín ọjà. Ẹ̀yin ará wa yóò sì ti mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún aṣọ wa: bùbá àti ṣòkòtò olókùn kò lè gbé ìbọn ró, agbádá sì fẹ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ a máa di ọwọ́ ẹni. Lójú tèmi ó dára bẹ́ẹ̀. Òde tí mo bá wọ agbádá lọ, níbi tí àwọn ènìyàn ń jó tí wọ́n ń fi ara gbún ara, tí àwọn ọmọdé ń sáré kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí n gbé ìbọn dé; inú àpótí rẹ̀ nílé ni ó máa ń wà ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ìdí ọta, mo rí i pé ibẹ̀ ni èrò àwọn ènìyàn rere ti máa ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irú méjì ni ó wà lórí àtẹ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀kan ni èyí tí orí rẹ̀ yípo, tí a da ẹ̀wù bàbà bo òjé inú rẹ̀. Ọta ìdánrawò nìyí, àádọ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú páálí kan, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Èkejì ni èyí tí a gbẹ́ ihò sí ní orí, tí ogún tàbí 25 sábà máa ń wà nínú páálí tirẹ̀, tí owó rẹ̀ sì ga. Bí olórí ihò yìí bá wọ inú ara, orí rẹ̀ a là bí òdòdó, a sì fẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn, ìyàwó mi sì wà lára wọn, fi ń sọ pé ìkà ni ẹni tí ó ṣe é, ìkà sì ni ẹni tí ó rà á. N kò bú wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbọgbẹ́ díẹ̀ níwájú àtẹ yẹn, n kò fẹ́ kí ó ní ìbọn. Ṣùgbọ́n ọta tí ó fẹ̀ nínú ara ni ọta tí ó ń dúró nínú ara. Ọta olórí yíyípo a máa gba ara ènìyàn kọjá, a sì máa lọ pẹ̀lú agbára tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá olè ni ó wà lẹ́yìn olè, tàbí ìyá arúgbó tí ó ń yan iṣu.

Ṣùgbọ́n ọta tí ó tètè dúró jù náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ní ẹ̀bá ìlú Miami ní ìpínlẹ̀ Florida, àwọn òṣìṣẹ́ FBI pàdé àwọn ọkùnrin méjì tí ó ti ń ja báńkì lólè, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ọ̀kan nínú ọta 9mm olórí ihò tí àwọn òṣìṣẹ́ náà yìn gba apá ọ̀kan nínú àwọn olè náà kọjá, ó wọ àyà rẹ̀, ó sì dúró nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ọkàn. Ọgbẹ́ náà tó ohun tí ó lè pa á nígbà tí ó bá yá, ṣùgbọ́n kò dá a dúró. Ó ń jà lọ, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì fi máa parí, àwọn òṣìṣẹ́ méjì, Jerry Dove àti Benjamin Grogan, ti kú, márùn-ún mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni òṣùwọ̀n tí àwọn aṣe-ọta ń lò títí di òní ti jáde. Wọ́n a po jẹ́látìnì tí ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun tí ìyókù jẹ́ omi, kí ó lè gba ọta bí ẹran ara ti ń gbà á. Wọ́n a yin ọta sí i ní ìhòòhò, wọ́n a tún fi aṣọ nípọn bò ó kí wọ́n tó yìn ín, wọ́n a sì wọn ibi tí ọta náà dé. Èyí tí kò bá dé íǹṣì 12 kò tíì tó, èyí tí ó bá kọjá íǹṣì 18 ti pọ̀ jù. Fún ọdún púpọ̀ ni FBI fi pa 9mm tì, wọ́n lo ọta 10mm, wọ́n lo ọta .40, èyí tí ó le lọ́wọ́ àwọn tí ó ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgbọ́n àwọn aṣe-ọta ti ga sí i, wọ́n tún padà sí 9mm ní nǹkan bí ọdún 2015.

Àárín íǹṣì 12 sí 18 yẹn ni mo ń wá nígbà tí mo ń ka ara páálí. Kò rọrùn bí ènìyàn ti lè rò, nítorí ẹnu ìbọn mi kúrú, ọta kì í sì í yára nínú ẹnu kúkurú tó bí ó ti ń yára nínú èyí tí ó gùn, bí kò bá sì yára tó, orí rẹ̀ lè ṣàì là. Aṣọ náà a máa dá sí i: bí ọta bá gba inú aṣọ òtútù tàbí jíìnsì kọjá, òwú lè dí ihò orí rẹ̀, kí ó sì wá ṣe bí ẹni pé olórí yíyípo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ Hornady fi rọ́bà pupa dí ihò ọta tí wọ́n pè ní Critical Defense, tí Speer sì ṣe irú Gold Dot kan fún ìbọn ẹlẹ́nu kúkurú. 124 grain ni ìwọ̀n tí mo yan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 8. 115 fúyẹ́, 147 wúwo, àwọn méjèèjì sì ní olùfẹ́ wọn. Kò sì yẹ kí n fi ohun kan pamọ́ fún yín: bí ọta bá tàsé, olórí ihò pẹ̀lú yóò gba ara ògiri ilé wa níhìn-ín kọjá, nítorí igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti pátákó ẹlẹ́fun ni a fi kọ́ ọ, kì í ṣe bílọ́ọ̀kù bí ti ilé. Kò sí ọta tí a lè fi owó rà tí yóò ṣe iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ fún ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń yìnbọn.

Àbúrò mi tún kìlọ̀ ohun méjì fún mi lórí ọta yìí. Èkíní ni pé kí n yin tó nínú rẹ̀ láti inú ìbọn tèmi gan-an kí n tó fọkàn tán an, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń dun ni, nítorí orí gbẹrẹgẹdẹ yẹn a máa há nínú ìbọn kan tí kì í há nínú òmíràn. Èkejì kò tilẹ̀ wá sí ọkàn mi rí. Ẹni tí ó bá ń yọ ọta jáde nínú ìbọn ní alaalẹ́, tí ó sì ń ti ọta kan náà padà ní àràárọ̀, orí ọta náà yóò máa wọ inú agolo idẹ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, àyè inú rẹ̀ yóò máa dín kù, ní ọjọ́ tí ó bá sì dún, agbára tí ó tú jáde lè fọ́ ìbọn mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Mo máa ń fi í wé ọta tuntun báyìí, èyí tí ó bá ti kúrú ju tuntun lọ, mo ti yà á sọ́tọ̀ nìyẹn.

Lórí ohun tí a ń so mọ́ ìbọn, èrò mi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ojú ìbọn tí a fi tritium sí dára, nítorí ó ń tàn nínú òkùnkùn láìlo bátìrì, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń dín kù ní ìdajì láàárín ọdún méjìlá àti oṣù díẹ̀. Mo rà á. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ abẹ́ ìbọn ni n kò rà. Ẹni tí ó bá fi í wá ohun tí ó dún nínú òkùnkùn, ẹnu ìbọn ni ó fi ń wò ó, bí ó bá sì jẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ó pẹ́ wọlé ni ó rí, ó ti kọ ìbọn sí ọmọ rẹ̀. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Jeff Cooper, ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà kà sí bàbá ẹ̀kọ́ ìbọn ìléwọ́ òde òní, tí ó kú ní ọdún 2006, fi òfin mẹ́rin sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjá lára ohun tí a kò fẹ́ pa run. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń gbé ṣakabùlà ti fi òfin yẹn pa òwe kí wọ́n tó bí i. Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni mo rà, ó wà nínú àpò ṣòkòtò mi, òun ni mo sì ń lò ní alaalẹ́ láti wo ẹ̀yìn ilé ìtajà, láìfa ìbọn yọ.

Mo ra ilé ọta kan lé èyí tí ó bá ìbọn wá, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń bàjẹ́ jù. Mo ra ohun ìbòtí àti ìgò ojú fún pápá ìyìnbọn, nítorí ariwo ìbọn lè dé désíbẹ́ẹ̀lì 160, etí tí ó bá sì ti kú kì í jí. Mo sì ń fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, nítorí òjé. Wọ́n fi agbárí òkú hàn mí tí wọ́n yà sára irin tí a lè kàn mọ́ ẹ̀yìn ìbọn, wọ́n tún fi apátí tuntun hàn mí tí ó fúyẹ́ ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Méjèèjì ni mo kọ̀. Ẹni tí ó bá di ọ̀ranyàn fún láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ sílẹ̀ yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn méjìlá ní ilé-ẹjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, kò sì yẹ kí ìbọn rẹ̀ ti máa fi ikú ṣe ẹ̀ṣọ́ kí ó tó débẹ̀.

Àpótí irin ni ó ná mi lówó jù lẹ́yìn ìbọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àga wà nínú gbogbo ilé, ọmọdé sì mọ bí a ti ń gun àga. N kò mọ ibi kan nínú ilé tí mo lè fi nǹkan pamọ́ sí tí àwọn ọmọ ọmọ mi kò ní rí. A kan àpótí náà mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó ní nọ́ńbà tí a ń tẹ̀, èmi àti ìyàwó mi nìkan ni a sì mọ̀ ọ́n. Òfin Texas pàápàá ti sọ pé ẹni tí ó bá fi àìbìkítà fi ìbọn tí ó ṣetán láti dún sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti rí i mú, ó ti ṣẹ̀. Ìjìyà òfin kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń kan án mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó kẹ́yìn nínú ohun tí mo rà ni èyí tí olùtajà kò fi hàn mí. Tourniquet ni wọ́n ń pè é, ọ̀já líle kan tí ó ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń lọ́ ọ, tí a ń dè mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ìjọba àti àwọn dókítà ilẹ̀ yìí ti ń kọ́ ará ìlú ní ọ̀nà tí a ń gbà lò ó, nínú ètò tí wọ́n pè ní Stop the Bleed: a óò dè é ní íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta sókè ojú ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé, a óò lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró, bí olúwa rẹ̀ tilẹ̀ ń ké, a óò sì kọ àkókò tí a dè é sílẹ̀ fún dókítà. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pá rẹ̀ ń ṣẹ́ bí a bá ti ń lọ́ ọ, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ fún láṣẹ ni kí a ti rà á. Ìyàwó mi, ẹni tí ó ti bá mi jà lórí ọta, bi mí léèrè ẹni tí mo rà á fún. Mo ní èmi ni, bí wọ́n bá yìn mí. Ìwọ ni, bí wọ́n bá yìn ọ́. Òṣìṣẹ́ wa ni, àti oníbàárà wa. Ó dákẹ́, ó ní, “Bí ó bá jẹ́ olè náà ni ìbọn rẹ bà ńkọ́, Bàbá Táyé?” Mo ní bí ìbọn bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì lè ṣe wá ní ibi mọ́, n óò dè é fún un. Ó ní kí n ra méjì, a óò sì jọ lọ kọ́ ọ. Ọ̀kan wà lábẹ́ káńtà báyìí, ìkejì wà nínú ọkọ̀.